Bí A Ṣe Ń Fi Àṣẹ Títẹ̀ Rán Lẹ́tà Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ti náhúù tí mo sábà máa ń kọ sínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni, lẹ́tà tí a ń fi kọ̀ǹpútà rán, tí gbogbo ayé ń pè ní ímeèlì. Ohun tó sì mú mi sọ ọ́ ni àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe.

Ní ìparí sáà kan, mo fẹ́ fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí àwọn òbí tó ní ímeèlì. Mo kó àdírẹ́sì gbogbo wọn jọ, wọ́n lé ní ogójì, mo tò wọ́n sí ojú kan ṣoṣo níbi tí a ń kọ orúkọ ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá. Mo wá so ìwé kan mọ́ ọn tí èsì gbogbo kíláàsì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye owó tí òbí kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ ilé-kéwú. Mo tẹ bọ́tìnnì, ó lọ. Kò pé wákàtí kan tí ìyá ọmọ kan fi pè mí. Kò pariwo rárá. Ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo Costain ló yẹ kó mọ̀ pé mo jẹ gbèsè ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, màmá, àṣìṣe mi ni." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Lẹ́tà tó ti lọ kò ṣeé pè padà. Ọmọ rẹ̀ kò wá sí kéwú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dọ̀ wa, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì wá kí mi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní, "Ààfáà, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín." Ó ṣí ojú dúdú kan lórí kọ̀ǹpútà mi. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí bọ́tìnnì kankan, àfi àmì kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, tó ń retí ohun tí a ó kọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní terminal. Ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ kì í tọ́ka sí nǹkan, ọ̀rọ̀ ló ń kọ. Bó bá kọ àṣẹ kan tó sì tẹ ẹ, kọ̀ǹpútà yóò ṣe é. Ó wá kọ èyí:

mail -s "Ipade obi" oruko@example.com

Ẹ jẹ́ kí a tú u bí a ṣe ń tú gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mail, ni orúkọ ìránṣẹ́ tí a ń pè. Lẹ́tà s tí a fi àmì kékeré ṣíwájú ń sọ fún un pé ohun tó tẹ̀ lé e ni àkọlé. A fi àmì àyọlò yí àkọlé ká nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Láìsí àmì yẹn, ìránṣẹ́ wa yóò rò pé obi jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn tí òun gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún. Àdírẹ́sì ló kẹ́yìn. Bí a bá ti tẹ ẹ wọlé, ó lè béèrè bóyá a fẹ́ kí ẹlòmíràn rí ẹ̀dà rẹ̀. Bí a kò bá fẹ́, a ó kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá. Lẹ́yìn náà a ó kọ lẹ́tà wa, a ó bọ́ sí ìlà tuntun, a ó di bọ́tìnnì Ctrl mú, a ó sì tẹ D. Ó parí. Kò ní béèrè pé ṣé ó dá yín lójú. Ohun tí ẹ kọ ló ṣe, ní ojú ẹsẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ohun tuntun ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ ju ọjọ́ orí òun lọ. Ní 1971 ni Ray Tomlinson, ẹlẹ́rọ kan ní Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, rán lẹ́tà àkọ́kọ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ìsokọ́ra. Kọ̀ǹpútà méjèèjì wà nínú yàrá kan náà, ṣùgbọ́n ìsokọ́ra ni lẹ́tà náà gbà kọjá. Òun ló yan àmì @ láti fi ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà tó ń lò. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó kọ sínú lẹ́tà náà, ó ní òun ti gbàgbé. Ní ọdún 1971 yẹn kan náà ni àṣẹ mail wọ inú Unix, ètò kọ̀ǹpútà tí Linux òní jọ bí ọmọ ṣe ń jọ baba. Ní 1978, Kurt Shoens ní yunifásítì Berkeley kọ èyí tó dára jù ú lọ, àwọn tí a ń lò lónìí sì ṣì ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀.

Ní tiwa, a kò ní lọ jìnnà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Costain, tó gba Èbúté Mẹ́ta kọjá, kò ní pẹ́ dé Yaba. Yaba College of Technology jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní àárín ọdún 1990 sí 2000, ètò kan tí UNESCO gbé kalẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà, tí orílẹ̀-èdè Ítálì fi owó ràn lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní RINAF, dé ibẹ̀. Ní 1995 ni wọ́n fi orúkọ .ng, tó ń kẹ́yìn àdírẹ́sì ilẹ̀ wa, sí ìtọ́jú Arábìnrin Ibukun Odusote tó jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Randy Bush, ará Amẹ́ríkà, ló bá a mójú tó apá iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Randy Bush yìí kan náà ló ti ran àwọn ará Gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́ ní 1991, nígbà tí yunifásítì Rhodes fa okùn ìsokọ́ra dé ilé rẹ̀ ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon. Lónìí, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí NiRA ló ń mójú tó .ng.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ fi ọkàn yàwòrán ìgbà yẹn. Kò sí GSM. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni ó dé. Wáyà tẹlifóònù ni kọ̀ǹpútà ń gbà sọ̀rọ̀, ìpè sí ilẹ̀ òkèèrè sì gbówó lórí gan-an. Nítorí náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ni pé ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà yóò kọ ọ́ tán láìtíì pe ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà yóò tò ó sórí ìlà pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn. Bí àkókò bá tó, yóò pe òkèèrè lẹ́ẹ̀kan, yóò tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, yóò gba èyí tó ń bọ̀ wálé, yóò sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Bí mọ́tò akóyawó kan tó máa ń dúró kí èrò kún kó tó gbéra.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba 2,400 bit kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè gbé nǹkan bíi lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì 240 láàárín àkókò yẹn. Ojú ìwé kan tó ní lẹ́tà 2,000 yóò kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí a bá fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé yẹn kan náà, àwòrán náà lè tó mílíọ̀nù méjì báìtì. Lórí ẹ̀rọ yẹn, yóò lò ju wákàtí méjì lọ. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tí a fi àṣẹ kọ fi bá ìgbà yẹn mu. Ó sì bá tiwa náà mu, ní ọjọ́ tí iná bá lọ tí dátà sì kù díẹ̀. Èmi a máa kọ lẹ́tà mi tán sínú fáìlì kí n tó tan dátà rárá, n ó wá darí fáìlì náà wọ inú àṣẹ báyìí:

mail -s "Ipade obi" oruko@example.com < ipade.txt

Àmì tó dà bí ẹnu ẹja tó wà níbẹ̀ ń sọ pé kí ìránṣẹ́ wa gba ọ̀rọ̀ láti inú fáìlì ipade.txt, kó má retí kí n tẹ̀ ẹ́.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti tẹ àṣẹ, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe mi wà. Àwọn àgbà inú wa rántí akọ̀wé lẹ́tà tó máa ń jókòó síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú tábìlì kékeré. Ó ń kọ lẹ́tà sórí bébà, a ó sì kọ "Sí ìyá mi ọ̀wọ́n" sí òkè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé lẹ́tà kiri kì í wo inú. Ẹ̀yìn àpò lẹ́tà ló ń wò. Ímeèlì náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àdéhùn tí Jon Postel kọ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1982 ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé, wọ́n kàn ń tún un ṣe lóòrèkóòrè ni. Bí kọ̀ǹpútà tó ń ránṣẹ́ bá dé ẹnu ọ̀nà èkejì, yóò kọ́kọ́ kí i: EHLO. Yóò ní MAIL FROM, ìyẹn ni pé lágbájá ló rán mi. Yóò ní RCPT TO, ìyẹn ni pé tàmẹ̀dù ni mo wá bá, yóò sì tún un sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí lẹ́tà náà ń lọ bá. Àpò lẹ́tà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò ní DATA, tí yóò tú lẹ́tà gan-an sílẹ̀, títí kan "Sí" àti "Láti ọ̀dọ̀" tí a kọ sí òkè rẹ̀. Ìdánudúró kan ṣoṣo lórí ìlà tirẹ̀ ni yóò fi sọ pé ó tán. Yóò ní QUIT, yóò sì padà lọ.

Orúkọ tó wà lára àpò àti èyí tó wà nínú lẹ́tà kò ní láti jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀dà ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n ń pè ní Bcc, ṣeé ṣe: orúkọ onítọ̀hún wà lára àpò, kò sí nínú lẹ́tà, ẹlòmíràn kò sì ní rí i. Bí mo bá ti lo Bcc lọ́jọ́ yẹn, àwọn òbí kì bá tí rí àdírẹ́sì ara wọn. Ṣùgbọ́n kì bá tí bo gbèsè ìyá yẹn, nítorí inú ìwé tí mo so mọ́ lẹ́tà ni gbèsè wà. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí òbí kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà tirẹ̀, pẹ̀lú èsì ọmọ tirẹ̀ nìkan. Lẹ́tà tó lé ní ogójì! Ta ni yóò jókòó kọ ọ́?

Ibí yìí gan-an ni ojú dúdú yẹn ti ju bọ́tìnnì lọ. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa àmì ohùn wa. Ọ̀nà ìkọ̀wé tí ímeèlì fi bẹ̀rẹ̀ ní ààyè 128 péré, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà fún. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, ká má tilẹ̀ sọ álífù àti bâù. Ẹni tó bá kọ oko nígbà náà, kí ẹni tó gbà á máa rò ó bóyá oko ẹ̀gàn ni, tàbí ọkọ ìyàwó, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀, tàbí ọkọ́ tí à ń fi ro ilẹ̀. Ní 1992, àdéhùn tí wọ́n ń pè ní MIME dé, tí Nathaniel Borenstein àti Ned Freed kọ. Òun ló fàyè gba èdè mìíràn àti ìwé tí a so mọ́ lẹ́tà. Ní ọdún kan náà ni Ken Thompson àti Rob Pike ṣe UTF-8, tó jẹ́ kí Yorùbá àti Lárúbáwá lè jókòó sórí ìlà kan náà. Àwọn ẹ̀yà àṣẹ mail kan kì í sọ fún ẹni tó ń gba lẹ́tà pé UTF-8 ni a fi kọ ọ́, lẹ́tà a sì wá kún fún àmì jágbajàgba. Nítorí èyí, Mutt ni èmi ń lò fún lẹ́tà tó ní àmì ohùn. Michael Elkins ló kọ ọ́ ní 1995, ó sì mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ terminal kì í to Lárúbáwá dáadáa láti ọ̀tún sí òsì, nítorí náà mo máa ń kọ Lárúbáwá sínú fáìlì níbòmíràn kí n tó rán an.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àmì ohùn sínú orúkọ fáìlì. Kọ̀ǹpútà lè kọ ẹ̀ lọ́nà méjì tàbí mẹ́ta tó jọra ní ojú, tí kò sì jọra nínú ẹ̀rọ. Ẹ ó máa rí fáìlì náà níwájú yín, ẹ̀rọ yóò sì máa sọ pé òun kò rí i. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ó yá, iṣẹ́ lẹ́tà ogójì. Mo kọ èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì tirẹ̀. Mo wá ṣe fáìlì kan, akojo.txt, tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní orúkọ fáìlì èsì, kọ́mà, àti àdírẹ́sì òbí, láìsí àlàfo. Lẹ́yìn náà:

while IFS=, read -r iwe adiresi
do
mutt -s "Esi idanwo" -- "$adiresi" < "$iwe"
done < akojo.txt

Ohun tó ń sọ ni pé: níwọ̀n ìgbà tí ìlà bá ṣì kù nínú akojo.txt, mú ìlà kan, pín in sí méjì níbi kọ́mà, fi apá kejì ṣe àdírẹ́sì, kí o sì fi ohun tó wà nínú apá kìíní ṣe lẹ́tà. Bí ogójì ìlà bá wà, ogójì lẹ́tà ni yóò lọ, ẹnì kan sí ọ̀kan.

Ẹ̀rù sì gbọ́dọ̀ ba ẹni tó ń lò ó. Bí àkójọ náà bá sún ní ìlà kan ṣoṣo, bóyá nítorí pé a to orúkọ ọmọ ní àtúntò tí a kò sì to àdírẹ́sì pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo òbí ni yóò gba èsì ọmọ ọlọ́mọ, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ẹni tó béèrè ohunkóhun. Ohun tí mo fi ń ṣọ́ra ni pé mo máa ń kọ́kọ́ fi echo rọ́pò mutt:

echo "$iwe lo si $adiresi"

Kò rán nǹkan kan. Ó kàn ń kọ ohun tí ì bá ṣe sójú ni. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, kí èmi àti olùkọ́ kíláàsì kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ń pè, ẹnì kan ń fi bírò sàmì sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti rí àṣìṣe lọ́nà yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí Linux Ubuntu yóò kọ sudo apt install mailutils mutt msmtp-mta. Msmtp ni yóò gbé lẹ́tà lọ sí ilé tó ń bá wa fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ Gmail, orúkọ ilé náà ni smtp.gmail.com, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ni 587. Láti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2022, Google kò gba ọ̀rọ̀ ìwọlé lásán láti ọ̀dọ̀ irú àwọn ètò báyìí mọ́. A ó gba kọ́kọ́rọ́ àkànṣe tó ní lẹ́tà 16, a ó sì fi í sínú fáìlì .msmtprc. Ẹ kọ chmod 600 sí fáìlì yẹn kí ẹlòmíràn tó ń lo kọ̀ǹpútà náà má lè kà á. Ẹ má kọ kọ́kọ́rọ́ náà sínú ìwé ilé-kéwú o.

Kí ni kọ́kọ́rọ́ wà fún? Ẹ rántí pé ohun tó wù ẹni ni ó lè kọ sí MAIL FROM. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn oníjìbìtì, tí a fi nọ́ńbà òfin 419 sọ lórúkọ, rí ààyè náà, ó sì ti kó èérí bá orúkọ ìlú wa lójú ayé. Àwa tí a kàwé mọ ìtàn òrùka fàdákà: nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fẹ́ kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, wọ́n sọ fún un pé wọn kì í ka lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ó sì ṣe òrùka tí a fín ọ̀rọ̀ sí láti máa fi lu lẹ́tà. Òǹtẹ̀ ti ímeèlì ni àwọn tí wọ́n ń pè ní SPF àti DKIM. SPF ń sọ irú kọ̀ǹpútà tó ní àṣẹ láti máa ránṣẹ́ ní orúkọ ilé kan. DKIM ń lu òǹtẹ̀ tí ẹni tó gbà á lè yẹ̀ wò. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń rán lẹ́tà sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí a bá gba smtp.gmail.com pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ wa, wọ́n á lu òǹtẹ̀ náà fún wa.

Bí lẹ́tà bá padà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mailer-Daemon ni yóò kọ̀wé sí yín. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ má sì dá a lóhùn. Kì í ṣe ènìyàn. Ẹ wá nọ́ńbà nínú rẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 ń sọ pé ẹ ní sùúrù, a ó tún gbìyànjú. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 ń sọ pé kò lè ṣeé ṣe; 550 sábà máa ń túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, mẹ́ta ló padà sí mi. Méjì jẹ́ àdírẹ́sì tí àwọn òbí ti pa tì. Ẹ̀kẹta, gmail.con ni mo kọ dípò gmail.com, èmi àti olùkọ́ kíláàsì ti kà á kọjá lórí bébà, kò sí ẹni tó rí i nínú àwa méjèèjì. Mo tún un kọ, ó lọ. Ìyá tó pè mí lọ́jọ́sí gba tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì fèsì ní ìlà kan: "Mo ti rí i, Ààfáà. Ẹ bá mi wo máàkì Fíkíhì rẹ̀ dáadáa, ó ní 67 lòun gbà, 61 ni ẹ kọ." Mo yẹ ìwé wò. Òótọ́ ọmọ náà ni.